Ìgò Kan, Ènìyàn Mẹ́wàá

Àpá kan wà ní apá òsì ìyá mi, lókè níbi tí ọwọ́ bùbá máa ń bò. Ó rí roboto, ó jìn wọnú díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ ojú ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán. Láti kékeré ni mo ti mọ àpá yìí. Bí wọ́n bá ń wẹ̀ fún mi tí ọṣẹ ta sí mi lójú, apá yẹn ni mo máa ń dì mú, ibẹ̀ gan-an sì ni àtàǹpàkò mi máa ń bọ́ sí. Bupá ni wọ́n ń pè é. N kò bi wọ́n léèrè ohun tó fà á rí, títí kòrónà fi dé.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Takie, ìyá mi sì ń gbé ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe pinnu láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, àti bí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ fúlúù ṣe tún délẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìpinnu méjèèjì kò jọra. Mo sì ṣe àṣìṣe kan nínú ti àkọ́kọ́ tó ń dùn mí dòní. Torí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ gbogbo èyí.

Ìparí oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Oṣù kẹta kò tíì tán tí Gómìnà wa, Ṣèyí Mákindé, fi sọ pé àyẹ̀wò ti gbé e jáde lára àwọn náà. Nígbà tí ara wọn yá, wọ́n sọ fún aráàlú pé òróró habbat sauda tí àwọn pò mọ́ oyin wà lára ohun tí àwọn lò, pẹ̀lú fítámì C. Ta ni kò wá habbat sauda lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn? Mo ra ìgò kan ní Ọjà Igbó, èmi àtàwọn ọmọ ń fi ṣíbí lá a láàárọ̀ lálẹ́. N kò sọ pé kò dára. Ohun tó yé mi nígbà tó yá ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí kòrónà mú ló bọ́ níbẹ̀, ẹni tó lá oyin àti ẹni tí kò lá nǹkan kan. Bí ara bá jà tó ṣẹ́gun, ohun tó bá wà lẹ́nu lásìkò náà ló máa ń gba ìyìn.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2021 ni àjẹsára àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin, irú AstraZeneca tí wọ́n ṣe ní Íńdíà. Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, inú mi sì dùn. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ìròyìn dé pé Jámánì, Faransé àti Ítálì ti dá abẹ́rẹ́ AstraZeneca dúró ná, pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kan dì lẹ́yìn tí wọ́n gbà á. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ṣùgbọ́n ìròyìn ìdádúró ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ti pé wọ́n ti padà bẹ̀rẹ̀ kò bá a rìn. Fóònù wá gbóná. Ẹnìkan gbé gílóòbù iná lé ibi tí wọ́n ti gún un, gílóòbù ń tàn. Ẹlòmíràn ní irin ń lẹ̀ mọ́ òun lápá. Èyí tó burú jù ni ohùn ọkùnrin kan tó ń sọ Yorùbá tó já gaara, pé gbogbo ẹni tó bá gbà á, ọdún méjì ló kù fún un láyé. Ìyá kan ní ìjọ wa ló fi ránṣẹ́ sí mi, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, tí kò ní mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe nígbà yẹn ni pé mo da gbogbo ẹ̀rù náà pọ̀ sínú igbá kan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì, òótọ́ wà níbẹ̀, ó kàn ṣọ̀wọ́n gan-an ni. Ọ̀rọ̀ gílóòbù, kò sí òótọ́ níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nítorí pé orí fóònù kan náà ni méjèèjì ti bá mi, ìwọ̀n kan náà ni mo fún wọn. Mo ní màá dúró kí n wo àwọn tó bá kọ́kọ́ gbà á. Oṣù mẹ́fà ni mo fi wò wọ́n.

N kò dá àwọn tó ń fura lẹ́bi o. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń jà ní Kánò, ilé iṣẹ́ òògùn kan láti òkèèrè dán òògùn titun wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Àwọn ọmọ kú nínú wọn, ẹjọ́ rẹ̀ sì pẹ́ ní kóòtù. Bàbá tó bá rántí ìyẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìfura dìde lọ béèrè ọ̀rọ̀ ni, tèmi jókòó sílé, ó ń dàgbà.

Oṣù kẹjọ ọdún náà ni ohun tó gbé mi dìde ṣẹlẹ̀. Àna wa kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n ní ibà ni. Wọ́n tún ní taifọ́ọ̀dù ni. Wọ́n fa omi sí wọn lára nílé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọn kò lè sọ gbólóhùn kan tán kí wọ́n tó sinmi mí. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé wọn dé ọsibítù, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá wọn. Kò sẹ́ni tó ṣe àyẹ̀wò, nítorí náà n kò lè sọ pé kòrónà ni, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo rán aṣọ tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn wọ̀ síbi ìsìnkú, aṣọ mẹ́rìnlélógún láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń tẹ máṣíìnì ni mò ń rò ó pé ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi sì ni mò ń wọlé tọ̀ wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, láti àárín èrò.

Ilé ìtọ́jú alábọ́dé kan wà tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹsàn-án. Ó ti rẹ nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ó hàn lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ mi tán. Mo bi í nípa ẹ̀jẹ̀ dídì. Mo rò pé á ní irọ́ ni. Ó ní, "Mà, òótọ́ ni. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ lára ọ̀kẹ́ èèyàn kan, ẹ lè má rí ẹyọ kan. Kòrónà fúnra rẹ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó wá sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ máa ṣọ́: bí orí bá ń fọ́ mi gidi lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́rin tí kò sì lọ, bí ẹsẹ̀ bá wú, bí èémí mi bá ń já, kí n má jókòó sílé, kí n máa sáré bọ̀. Ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju gbogbo igbe "kò léwu, kò léwu" tí mo ti ń gbọ́ lórí rédíò. Ẹni tó fi ibi tí ewu wà hàn mí ni mo gbà gbọ́ nígbà tó sọ pé ewu náà kéré.

Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. Ó ní kí n sọ ọ́ sílẹ̀ ná. Ó ṣí kúlà, ó mú ìgò kékeré kan jáde, tí kò ga ju ìka mi lọ, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kí n rí i. Ó ní, "Ti ènìyàn mẹ́wàá ló wà nínú èyí. Tí mo bá ti fi abẹ́rẹ́ lu orí rẹ̀ báyìí, wákàtí mẹ́fà ló ní. Èyí tó bá ṣẹ́kù, dídà ni. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ sì ti wá láti àárọ̀." Ó ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ a jẹ́ mẹ́fà. A jókòó títí aago kan ọ̀sán, ebi lé àwọn méjì lọ, a sì túká.

Inú bí mi. Mo ti fi oṣù mẹ́fà bá ẹ̀rù jà, mo ti borí rẹ̀, ìgò wá ní òun kò ní ṣí. Àmọ́ bí mo ṣe ń rìn bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yí padà lọ́kàn mi. Mo ti ń sọ ọ́ kiri pé ara tèmi ni, ìpinnu tèmi ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kò lè ṣí ìgò yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tí mò ń pàdé lójú ọ̀nà, mo ń kà wọ́n lọ́kàn: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo jáde láti kó wọn jọ. Ìyá ẹlẹ́kọ ẹ̀gbẹ́ wa kò jẹ́ kí n sọ tán tí wọ́n fi gbà. Wọ́n ti ń wá ẹni tí àwọn yóò bá lọ. Bàbá mẹkáníìkì tó wà ní iwájú wa ní tàwọn, Mẹ́kà ni àwọn ń rò, wọn kò sì ní jẹ́ kí àwọn wọ ọkọ̀ òfuurufú láìsí káàdì. Káàdì ni wọ́n fẹ́, wọn kò fi pamọ́, wọ́n sì mú ọmọ wọn kan lọ́wọ́. Ọmọ yunifásítì LAUTECH méjì wá gba aṣọ, wọ́n bá mi jiyàn dáadáa. Ọ̀kan tẹ̀ lé mi. Èkejì ní òun kò tíì rò ó tán, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Tọkọtaya kan tí a jọ jókòó ní Ọjọ́bọ̀ ti fún mi ní nọ́ḿbà fóònù wọn, mo pè wọ́n. A di méje. Mo wá wẹ̀yìn, mo rí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ogún ọdún, èkejì kò tíì tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n ó ti ju méjìdínlógún lọ. Mo ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ." Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, wọ́n dìde.

Mẹ́sàn-án ni a jẹ́ nígbà tí a débẹ̀. Nọ́ọ̀sì kà wá, ó tún wa kà, ó wo aago ara ògiri. Ọlọ́kadà tó gbé ìyá ẹlẹ́kọ wá ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí owó rẹ̀. Ó yọjú wọlé, ó bi mí pé ṣé ó máa ń dunni. Mo ní n kò tíì gbà á, n kò mọ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ sápò, ó wọlé jókòó. Bí a ṣe pé mẹ́wàá nìyẹn. Mo ní kí nọ́ọ̀sì jẹ́ kí n wo ọjọ́ tí ìgò náà yóò bàjẹ́. Ó fi hàn mí, ó kù ju oṣù kan lọ. Ó lu orí rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà apá mi wúwo bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn. Ibà dé ní nǹkan bí aago méjì òru, mo ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ. Mo lo parasitámọ̀, nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ti lọ. Kò bà mí lẹ́rù, torí nọ́ọ̀sì ti là á yé mi ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ ni o. Ní ọjọ́ tí a pé mẹ́wàá, ojú ń kán gbogbo wa, ọ̀rọ̀ yára, n kò sì bi àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bóyá wọ́n gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá èyí àbúrò nínú àwọn méjèèjì wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ti fi gèlè gbá ìdí. Wọn kò kí mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi kò jẹun láti ìjẹta. Iṣẹ́ ni mo ní kí ẹ kọ́ ọ. Ṣé mo ní kí ẹ gún un lábẹ́rẹ́?" Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ra parasitámọ̀ àti ọsàn, mo bá wọn délé, ara ọmọ sì yá ní ọjọ́ kejì. Ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, níbi tí ọmọ náà ti ń tú okùn aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sọ ọ́ láìwo ojú mi pé òun kò fẹ́ gbà á rárá, ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní kí ló dé tí kò sọ? Ó ní, "Ẹ ní ká dìde, mà."

Ó ń dùn mí títí di òní. Ọmọ iṣẹ́ kì í sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé rárá. Èmi tí mo fi oṣù mẹ́fà rò ó, tí mo da ìbéèrè bo nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì, n kò fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Abẹ́rẹ́ náà dára, mo ṣì dúró lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n dídára rẹ̀ kò sọ ohun tí mo ṣe di dáadáa. Mo fi ọmọ ọlọ́mọ dí àyè ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni. Nígbà tí àkókò ìgbà kejì pé, mo pè é sẹ́yìn, mo ní bó bá wù ú kó lọ, bí kò bá sì wù ú kó jókòó, kò ní kan iṣẹ́ tó ń kọ́ lọ́nàkọnà. Kò lọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìjọba ba àjẹsára tó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́ ní Àbújá nítorí pé ọjọ́ wọn ti kọjá. Òkèèrè ni wọ́n ti wá, ìgbà tí wọ́n fi dé ọwọ́ wa, ọjọ́ tó kù lára wọn kò tó nǹkan. Bàbá mẹkáníìkì sáré wá bá mi, wọ́n ní ṣé kì í ṣe irú rẹ̀ ni mo mú àwọn lọ gbà. Inú mi dùn pé mo wo ìgò yẹn. Mo sọ ọjọ́ tí mo rí lára rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì gbà.

Ìyá mi ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá wọn sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ mìíràn gbà á lọ. Ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ni wọ́n láti kékeré. Ní ìgbà kẹrin wọ́n jókòó gidi dá mi lóhùn. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o mọ ohun tó bí ìjọ wa? Fúlúù ni." Wọ́n sọ ọ́ fún mi bí àwọn àgbà ìjọ ṣe máa ń sọ ọ́. Ní 1918 ni fúlúù gba inú ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, ó sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan kó ara wọn jọ fún àdúrà, Bàbá Shadare ló ṣáájú wọn. Tíṣà obìnrin kan, Sophia Odunlami, tí fúlúù ti dá dùbúlẹ̀, gbọ́ ohùn tó ní omi òjò ni kí wọ́n lò. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń jẹ́, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò ìjọ náà wà. Ìyá mi ní, "Omi òjò, Àbẹ̀kẹ́. Kì í ṣe abẹ́rẹ́."

N kò ní èsì kankan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tó ń sọ, ìtàn àwọn baba rẹ̀ ni. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rò ó jinlẹ̀. Ní 1918, kò sẹ́ni tó tíì mọ kòkòrò tó ń fa fúlúù. 1933 ni àwọn onímọ̀ tó rí i mú lára ènìyàn, ẹ̀yìn ìyẹn ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó dé. Àwọn tó mu omi òjò ní Ìjẹ̀bú-Òde kò kọ abẹ́rẹ́ kankan sílẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀ tí wọn ì bá kọ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n dì mú.

N kò lọ fi ìyẹn bá wọn jiyàn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọyẹ́ ń fẹ́, mò ń fi òrí pa wọ́n lápá nítorí oríkèé tó ń ro wọ́n. Àtàǹpàkò mi bọ́ sínú àpá yẹn bíi ti àtijọ́. Mo ní, "Màámi, ta ló bu apá yín?"

Wọ́n ní wọlé-wọlé ni. Wọ́n wá sí ilé ìwé àwọn, wọ́n to àwọn ọmọ sórí ìlà. Bàbá àwọn ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, wọ́n ti kó àwọn ọmọkùnrin méjì lọ sóko kí wọ́n má bàa rí wọn. Ìyá mi nìkan ni wọ́n bá nílé ìwé. Apá náà wú, ó ṣọyún, wọ́n sunkún. Nígbà tó ṣe, ilẹ̀ gbóná. Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn, wọn kò dárúkọ rẹ̀, títí di òní wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Olóde mú ọ̀kan nínú àwọn tó sá lọ sóko. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló máa ń gbé mi kọjá odò." Wọ́n ní àwọn kò sunkún, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún. Dídúpẹ́ ni wọ́n ní kí gbogbo ilé máa dúpẹ́, torí Alápadúpẹ́ ni, ó pani, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Wọ́n ní àwọn dúró níbẹ̀, àwọn ń dúpẹ́.

Ìka mi ṣì wà lórí àpá náà. Gbogbo ara mi ń fẹ́ sọ pé, "Ẹ ò wá rí i bí?" N kò sọ ọ́. Mo ti rí ohun tó wà nínú kí èèyàn máa ti ẹlòmíràn lẹ́yìn. Mo pa òrí náà tán, mo dì wọ́n ní ìró sí ejìká, mo lọ sílé. Àrùn tó mú ẹ̀gbọ́n wọn lọ, ìgbóná tí òyìnbó ń pè ní smallpox, kò sí mọ́ láyé. 1970 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 1980 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán pátápátá. Irú àpá bíi ti ìyá mi, lára ẹgbàágbèje èèyàn, ló lé e lọ.

Oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọn kò kí mi tán tí wọ́n fi ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń pé mẹ́wàá níbẹ̀?" Wọ́n ti bá àwọn ìyá mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wọn sọ ọ́. Nígbà tó kan wọn, nọ́ọ̀sì ti fa òògùn sínú síríńjì, ó ti fi òwú nu apá wọn, wọ́n ní kó dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú síríńjì tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbàdúrà, àdúrà tí kò kúrú. Nọ́ọ̀sì kò mira. Ó ní "Àmín" nígbà gbogbo tó yẹ. Wọ́n wá ní kó gún un sí ibi tí bupá wà. Ó ní, "Mà, òkè rẹ̀ díẹ̀ ni." Wọ́n gbà.

Ti fúlúù kò gbà mí tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní ìlú Ọba lóyún ní 2022, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ fúlúù. Ó ní àwọn aláboyún àtàwọn àgbàlagbà ni wọ́n máa ń ṣáájú fún níbẹ̀ bí òtútù bá ń bọ̀, lọ́dọọdún. Ó ní kí n wá a fún ìyá wa. Mo lọ bi apòògùn kan tí mo máa ń rán aṣọ fún. Ó ní kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán ni abẹ́rẹ́ náà wà fún, kò sì ní dá ikọ́ eruku ọyẹ́ dúró, kí n má retí ìyẹn. Fúlúù gidi ni, èyí tó ń gbé àgbàlagbà dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Kòkòrò náà ń yí padà, ó ní, aṣọ tó o rán fún un lọ́dún tó kọjá kò ní bá a mu lọ́dún yìí. Mo gbọ́ ìyẹn yé ju gbogbo ìyókù lọ. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kejì àti oṣù kẹsàn-án, láti yan irú tí wọn yóò fi ṣe é. Ní ọdún tí wọ́n bá yàn án re, ó ń dín in kù ní nǹkan bí ogójì sí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Òkú kòkòrò ló wà nínú èyí tó ń sọ, kò lè fi fúlúù ṣeni.

Ìdíwọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí lára àwọn tí ìjọba ń gún lọ́fẹ̀ẹ́ fún wa, fíríìjì sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n òtútù méjì sí mẹ́jọ lọ́sàn-án lóru. Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun kò ní tà á fún mi láti inú fíríìjì òun, ó júwe ilé òògùn kan ní Ìbàdàn tó ní sólà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Mo pinnu pé kí ìyá mi gbà á, bí wọ́n bá fẹ́. Ọjọ́ orí wọn àti ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni mo wò. Èmi kò tíì gbà á. Ara mi le, àpò mi kò sì lè gbé e fún ènìyàn méjì lọ́dọọdún. Bí mo bá di ẹni ọgọ́ta màá tún un rò. Àbúrò mi ní mi ò ro ti ìyá wa tí mò ń wọlé tọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wúwo, kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Mo lọ bá ìyá mi ní ìrọ̀lẹ́, mo to gbogbo rẹ̀ fún wọn bí apòògùn ṣe tò ó fún mi, títí dé ibà tó lè mú wọn àti apá tó lè ro wọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Ènìyàn mẹ́wàá la tún máa kó lọ sí Ìbàdàn?"

Mo ní rárá, èyí ti wà nínú síríńjì tirẹ̀, ti ẹnì kan ṣoṣo ni.

"Ti èmi nìkan?"

"Ti ẹ̀yin nìkan, Màámi."

Wọ́n ro ó títí. Wọ́n ní ìyá tó wà ní ìyàrá kejì náà ti dàgbà, ó sì ń wúkọ́ láti ọdún tó kọjá, kí n lọ bi í bóyá yóò bá wa lọ. Mo ti dìde kí wọ́n tó pè mí padà. "Kí o bi í o, Àbẹ̀kẹ́. Má kàn ní kó dìde."